Báwo ni ọ̀gágun mi yóò ṣe kọ́ àwọn atúkájà rẹ̀? Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa ogun ìgbà ìbọn olókùúta, ẹ gbà mí

Àjàní_Òǹkọ̀wé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ lọ́wọ́, mo sì ti dé ibi tó kọjá ìmọ̀ mi. Ilẹ̀ Pọ́túgàlì ni, ọdún 1810, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀gá kékeré kan wà nínú àwọn Caçadores, àwọn ọmọ ogun aláṣọ àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n wà lábẹ́ Beresford, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń darí ogun Pọ́túgàlì. Wọ́n kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́kùnrin fún un, ọmọ àgbẹ̀ àti darandaran ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ní kó sọ wọ́n di atúkájà. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tó máa ń fọ́n ká síwájú ogun ńlá, lẹ́yìn igi, lẹ́yìn òkúta, tí wọ́n ń yọ ọ̀tá lẹ́nu kí ìlà ogun méjèèjì tó pàdé.

Irú ìbọn wo ni kó bèèrè fún? Kí ni kó kọ́kọ́ kọ́ wọn? Báwo ni ọ̀gá ṣe ń darí ẹni tó ti wọ inú igbó lọ? Bí ẹlẹ́ṣin bá yọ sí wọn ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ka ojú ìwé méjì kó sì pa á dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì:
Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó kọ. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí irin, kí àwọn yòókù wá fi ẹran sí i.

Ìbọn méjì ló wà nílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Àkọ́kọ́ ni másíkẹ́ẹ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ọ̀pá yẹn gùn tó íǹṣì 39, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kan. Ọta tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kéré sí ihò náà, kó lè tètè wọlé kódà bí èérí ẹ̀tù bá ti dì mọ́ inú ọ̀pá. Nítorí ìyẹn ni ẹni tó mọṣẹ́ fi lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí ìyẹn náà ni ọta rẹ̀ kì í fi í lọ gbọọrọ: ó ń gbá ara ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi jáde. Ní yáàdì 50, o lè retí pé wàá ba ẹni tí o dojú kọ. Tó bá di 100 yáàdì, agbo ènìyàn lò ń yìn ín sí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó.

Èkejì ni ráífù Baker. Ezekiel Baker, aṣèbọn kan ní Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe é, wọ́n dán an wò ní Woolwich ní 1800, wọ́n sì gbà á wọlé. Ọ̀pá tirẹ̀ kò ju íǹṣì 30 lọ. Wọ́n fín ìlà méje sínú rẹ̀, àwọn ìlà náà sì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Àfi kí ọta fún mọ́ àwọn ìlà yìí kó tó lè máa pòyì bó ṣe ń jáde, pípòyì yẹn ló sì ń jẹ́ kó lọ tààrà. Wọ́n wá ń fi awọ tàbí aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá pa wé ọta náà. Ihò kan tó ní ìdérí idẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí ìbọn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú awọ yẹn sí. Ọta náà le koko láti kì wọlé débi pé, níbẹ̀rẹ̀, wọ́n pín òòlù onígi kékeré fún àwọn ọmọ ogun láti fi gbá a, kí wọ́n tó pa òòlù tì. Ẹni tó bá mọ ráífù yìí lò, ní 200 yáàdì, ẹni tó bá dojú ẹ̀ kọ kò rọgbọ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò yìn ín ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn ogun máa ń gbójú fò, má gbójú fò ó. Oníráífù ní ọ̀nà méjì tó fi ń ki ìbọn rẹ̀. Bí àyè bá gbà á, yóò da ẹ̀tù tó kúnná sílẹ̀ láti inú ìwo, yóò wé ọta sínú awọ, yóò sì fi ọ̀pá ìkibọn tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìdí pẹ̀lú sùúrù. Bí ọ̀tá bá ti dé tòsí, yóò fa ẹ̀tù àti ọta tí wọ́n ti dì pọ̀ sínú pépà yọ, yóò fi eyín ya á, yóò sì kì í wàrà bí ẹni tó gbé másíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà yẹn, kò sí àfojúsùn mọ́, iye ẹ̀ẹ̀mélòó tó lè yìn ín ló kù.

Ìmọ̀ràn mi: kó má bèèrè ráífù fún gbogbo ọgọ́rùn-ún. Kó fún àwọn tí ojú wọn mú tí ọwọ́ wọn sì balẹ̀. Ìyókù, kí wọ́n gbé másíkẹ́ẹ̀tì. Apá kan péré nínú àwọn Caçadores ló ń gbé ráífù ní tòótọ́, kò ní ta ko ìtàn.

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, àlàyé yín kún. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi kún un pé àwọn Faransé tí ọ̀gágun yìí fẹ́ bá jà kò fi bẹ́ẹ̀ lo ráífù rárá, síbẹ̀ àwọn atúkájà wọn ni wọ́n fi da gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù rú. Láti 1804 ni Napoleon ti ń dá ẹgbẹ́ Voltigeur, àwọn atúkájà Faransé, sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kúkurú, tó yára lẹ́sẹ̀, ni wọ́n ń mú síbẹ̀, másíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tó di 1808, nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà tó wà ní bàtálíọ́nù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan jẹ́ ti Voltigeur.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Púpọ̀ wọn ni. Wọ́n á jáde bí ọ̀wọ́ eéṣú, wọ́n á máa yìnbọn sí àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ń yin àgbá, wọ́n á fi èéfín bo ojú ilẹ̀, kí ogun ńlá tó wà lẹ́yìn wọn tó rọ́ wọlé. Bí àwọn ọmọ ogun ọ̀tá bá tò gbọọrọ tí wọ́n sì dúró gírígírí, yíyìn wọ́n ní 100 yáàdì láti ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò ní ṣàì ba ẹnì kan.

Nítorí náà, àbúrò mi Àjàní, bí ọ̀gá rẹ kò bá rí ráífù kankan gbà, ìtàn rẹ ò tíì bàjẹ́. Ohun tó máa ṣe é ní jàǹbá ni kí wọ́n má mọ bí wọ́n ṣe ń lo ilẹ̀.

Ọdẹ_Òkè_Ògùn:
Ẹ kú ìjókòó. Èmi kò ka ìwé ogun òyìnbó, àmọ́ ìbọn olókùúta ni bàbá mi fi kọ́ mi ní ìgbẹ́, mo sì ń rí ohun tí ẹ̀ ń sọ yìí kedere. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Òkúta ìbọn ló ń pa ẹran, kì í ṣe ọta. Bí òkúta bá ti kú lẹ́nu, iná kò ní fò dáadáa, ìbọn á kàn ṣe "tẹ́ẹ́", ẹran á gbé orí sókè, ó tán nìyẹn. Ọdẹ tó gbọ́n á máa fi ìka tọ́ ẹnu òkúta wò kó tó jáde nílé, yóò sì ní òmíràn nínú àpò. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń há òkúta yẹn sẹ́nu irin lásán, awọ ni wọ́n fi ń wé e kó má baà yẹ̀. Kí ọ̀gá yìí máa yẹ òkúta gbogbo wọn wò láràárọ̀. Jẹ́ kó bínú sí ẹni tí tirẹ̀ bá ti kú ju ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ já lọ.

Lẹ́yìn òkúta ni ihò kékeré tí iná ń gbà wọ inú ọ̀pá. Tí èérí ẹ̀tù bá dí i, ẹ̀tù inú àwo á jó fùú, ìbọn kò ní dún. Wáyà tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn tàbí lára bẹ́líìtì olúkúlùkù láti fi yọ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré láti fi gbá àwo ẹ̀tù. Ìrì òwúrọ̀ burú ju òjò lọ, torí òjò, ẹ rí i, ìrì kò pariwo. Awọ ni kí wọ́n fi bo ẹ̀rọ ìbọn mọ́jú.

Èéfín wá ńkọ́? Bí o bá ti yìn ín tán, èéfín funfun ti tọ́ka sí ọ. Sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí ojú rẹ, èéfín tìrẹ ló máa kọ́kọ́ fọ́ ọ lójú. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn òyìnbó kọ ìyẹn sínú ìwé, ìgbẹ́ kọ ọ́ sí wa lára.

Àjàní_Òǹkọ̀wé:
Bàbá Ọdẹ, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìrì yẹn, orí kan gbáko ló fún mi. Mo ń dúró de ẹni tó máa sọ nípa ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kent:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Folkestone ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni Shorncliffe wà, ère Sir John Moore, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ ọkàn mi gan-an, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara da gígùn rẹ̀.

Láti 1803 ni Moore ti kó rẹ́jímẹ́ǹtì 43, 52 àti 95 jọ síbí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 95 nìkan ló ń gbé ráífù. Másíkẹ́ẹ̀tì ni 43 àti 52 gbé jagun títí ogun fi parí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọn kì í ṣe atúkájà tó dáńgájíá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni ìyàtọ̀. Ọ̀gá kan nínú 52, Kenneth Mackenzie, ló to ọ̀pọ̀ nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n mú àwọn ọ́físà wọ orí pápá, kí àwọn náà gbé ìbọn kọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Ọ́físà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kò lè kọ́ ẹlòmíràn. Tí mo bá jẹ́ ìwọ, Àjàní ọmọ mi, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀gá náà dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọmọ darandaran kan, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn án.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì rèé. Ọmọ ogun tó tò gbọọrọ ní sájẹ́ńtì lẹ́yìn tó ń tì í, ó ní ẹnì kan lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì, èjìká kan èjìká. Àṣẹ ló ń tẹ̀ lé. Atúkájà dá wà lẹ́yìn òkúta. Òun ló máa pinnu ìgbà tí yóò yìn ín, ibi tí yóò sá sí, ìgbà tí yóò padà. Ẹni tí wọ́n ti fi pàṣán lu ọgbọ́n kúrò lára rẹ̀ kò lè ṣe é. Moore mọ èyí. William Stewart, tó jọ dá ẹgbẹ́ oníráífù sílẹ̀ pẹ̀lú Coote Manningham ní 1800, mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Nínú òfin tí Stewart ṣe fún wọn, wọ́n ṣètò ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, kíkọ àti ìṣirò, wọ́n ṣètò àmì ẹ̀yẹ fún ìwà rere. Àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ àwọn ọmọ ogun wọn dáadáa.

Inú òfin yẹn náà ni ohun tí mo fẹ́ràn jù wà. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan yóò yan ọ̀rẹ́ kan fúnra rẹ̀, ọ̀kan láti ìlà iwájú, ọ̀kan láti ìlà ẹ̀yìn. Kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́. Wọ́n jọ ń sùn sí ibì kan náà, wọ́n jọ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n jọ ń tò lórí pápá. Nítorí pé méjì méjì ni atúkájà ń jà. Bí ọ̀kan bá yìn ín, èkejì ò gbọ́dọ̀ yìn ín títí ti àkọ́kọ́ yóò fi tún kún. Ìbọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà láé. Bí wọ́n bá ń lọ síwájú, ẹni tí ìbọn rẹ̀ kún ló máa kọjá sí iwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà sẹ́yìn, ẹni tó ti yìn ín á gba ẹ̀yìn èkejì kọjá, èkejì á sì máa ṣọ́ ọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín àwọn méjì yẹn lo gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé rẹ.

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì:
Mama, ẹ ṣeun gan-an. Mo wà nínú iṣẹ́ ológun fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ẹ sọ nípa ọ̀rẹ́ méjì yẹn kò tíì yí padà títí dòní.

Kí n fi ti ìyìnbọn sí ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ kún un. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ rẹ́jímẹ́ǹtì kì í fi bẹ́ẹ̀ yin ọta gidi nígbà ẹ̀kọ́, ìmúra àti ìtò ni wọ́n ń kọ́ jù. Àwọn oníráífù ń yìn ín déédéé, sí ohun tó dúró jẹ́ẹ́ àti sí ohun tó ń rìn, wọ́n sì ń pín àwọn ènìyàn sí ìsọ̀rí bí wọ́n bá ṣe mọ̀ ọ́n yìn tó, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ kó gòkè. Àjàní, jẹ́ kí ọ̀gá rẹ jẹ gbèsè ẹ̀tù àti òjé tí kò bá sí. Èyí tí wọ́n bá ná nígbà ẹ̀kọ́ ni wọ́n á rí lójú ogun.

Adé_Massachusetts:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Láti ìhà Amẹ́ríkà níbí, ẹ jẹ́ n ṣe ìkìlọ̀ kan nípa ráífù.

Ní 1777, nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ní Saratoga, àwọn oníráífù Daniel Morgan ni ẹ̀rù wọn ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù. Àwọn ló yìnbọn fún ọ̀gágun Simon Fraser ní 7 Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó sì kú. Ṣùgbọ́n ráífù wọn kò ní ọ̀bẹ lẹ́nu. Bí ọ̀tá bá sáré wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹnu ìbọn nígbà tí wọ́n ń kì í lọ́wọ́, wọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi so àwọn ọmọ ogun Henry Dearborn mọ́ wọn, àwọn tó ní másíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀bẹ. Ọ̀kan ń pa láti òkèèrè, èkejì ń dáàbò bò ó ní tòsí. Imọ̀ràn Sájẹ́ńtì pé kí wọ́n da méjèèjì pọ̀ ti wà lójú ogun kí wọ́n tó bí Caçadores kankan.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. Wọ́n fún Baker ní ọ̀bẹ tó gùn bí idà, ó tó nǹkan bí íǹṣì 23, torí ìbọn náà fúnra rẹ̀ kúrú, àfi kí ọ̀bẹ gùn kó lè dé ibi tí ti másíkẹ́ẹ̀tì dé.

Àjàní_Òǹkọ̀wé:
Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń darí wọn, àti ẹlẹ́ṣin. Nínú ìtàn mi, ilẹ̀ títẹ́jú wà láàárín òkè kan àti afárá, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì:
Ilẹ̀ títẹ́jú àti afárá? Òtítọ́ ni ìyẹn. Ní 24 Oṣù Keje 1810, lẹ́bàá odò Côa nítòsí Almeida, Robert Craufurd, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, dúró sí ìhà tí kò yẹ kó dúró sí lódò yẹn, Marshal Ney ti Faransé sì dé bá a pẹ̀lú ogun tó pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Caçadores 1 àti 3 wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé ká ẹgbẹ́ kan nínú 95 mọ́ ìta gbangba, wọ́n gbá wọn mọ́lẹ̀. Àwọn yòókù jà láti ògiri òkúta dé ògiri òkúta títí wọ́n fi kọjá afárá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá kàn gbé ìtàn mi lọ síbẹ̀ ni.

Nípa ìdarí: má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ tú gbogbo ọgọ́rùn-ún ká. Bàbá ìmọ̀ yìí ni Francis de Rottenburg, tó darí bàtálíọ́nù karùn-ún ti rẹ́jímẹ́ǹtì 60, àwọn tó kọ́kọ́ wọ aṣọ ewéko nínú ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ìdajì máa wà lẹ́yìn, ní títò, gẹ́gẹ́ bí ìpamọ́. Àwọn iwájú á fọ́n ká. Àwọn kan á wà láàárín láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìpamọ́ á wà lẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá padà sí. Atúkájà tí kò ní ibi tó máa sá padà sí, ìsáǹsá lásán ni.

Ìwo ni wọ́n fi ń pàṣẹ, torí ìlù kò ṣeé gbé sáré láàárín igi, ohùn ènìyàn kò sì lè borí ìró ìbọn. Ìró kan fún ìtúká, ọ̀kan fún ìlọsíwájú, ọ̀kan fún ìdúró, fún ìyìnbọn, fún ìdákẹ́ ìbọn, fún ìpadà, fún ìpéjọ. Fèrè kékeré wà lára bẹ́líìtì àwọn ọ́físà àti sájẹ́ńtì fún èyí tó wà nítòsí. Kí àwọn ọmọ yẹn máa gbọ́ ìró ìwo yẹn lójú oorun. Afọnwo ọ̀gá rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ènìyàn gidi nínú ìtàn náà, pẹ̀lú orúkọ, torí tí ìbọn bá bà á, gbogbo ẹgbẹ́ yẹn ti di adití.

Ìyá_Ìbejì_Kent:
Ti ẹlẹ́ṣin, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ méjì ni. Bí òkúta, igi tàbí kòtò bá wà, wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí, péjọ kíá, ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn, ọ̀bẹ lẹ́nu ìbọn, kí ẹ di onígun mẹ́rin. Ẹṣin kì í fẹ́ sáré wọ inú ọ̀bẹ.

Wo ọjọ́ kan ṣoṣo, 5 Oṣù Karùn-ún 1811, ní Fuentes de Oñoro. Àwọn Light Division, ẹgbẹ́ atúkájà Gẹ̀ẹ́sì tí Craufurd ń darí, padà sẹ́yìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹlẹ́ṣin Faransé rọ̀gbà yí wọn ká, àwọn náà ń rìn nínú onígun mẹ́rin bí ẹni ń lọ sí pápá ẹ̀kọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n pàdánù. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn atúkájà láti inú ẹgbẹ́ Guards pẹ́ kí wọ́n tó péjọ, ẹlẹ́ṣin dé bá wọn ní fífọ́nká, wọ́n sì ṣá wọn bolẹ̀. Ìpéjọ yẹn, kí wọ́n kọ́ ọ títí yóò fi wọ inú eegun. Ọ̀sán, òru, lórí òkè, nínú òjò.

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun:
Ẹ má gbàgbé ọta o. Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ńtì sọ pé kí a da ìbọn méjì pọ̀, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ọta méjì nìyẹn. Ọta másíkẹ́ẹ̀tì kò lè wọ ráífù. Ní Waterloo, 18 Oṣù Kẹfà 1815, Major Georg Baring di ilé oko La Haye Sainte mú pẹ̀lú àwọn ọmọ Jámánì tó wà nínú ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń gbé ráífù Baker. Wọ́n lé àwọn Faransé padà léraléra. Ó ránṣẹ́ fún ọta, ó tún ránṣẹ́, kò dé. Nígbà tí ọta tán, ọ̀bẹ àti ìdí ìbọn ni wọ́n fi jà kí ilé náà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Díẹ̀ nínú wọn ló jáde láàyè. Ó ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀, torí kì í ṣe ìgboyà ló tán níbẹ̀.

Kí ọ̀gá rẹ kun àpótí ọta ráífù ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, kó sì fi ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán ṣọ́ ìbaaka tó rù ú. Ẹni yẹn náà lè di ènìyàn gidi nínú ìtàn.

Ọmọ_Ìmẹ̀sí:
Ẹ kú àpérò. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan ilé. Nígbà ogun Kírìjí, láti 1877, ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn. Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé jẹ́ balógun wọn, rí ìbọn tí wọ́n ń ti ìdí kì gbà láti Èkó, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ló mú wá. Ẹni tó ń ti ìdí ki ìbọn lè dùbúlẹ̀ sínú kòtò kó máa yìn ín léraléra láì gbé orí sókè.

Mo sọ èyí torí Àjàní. Àwọn ọmọ ogun 1810 rẹ kò ní irú àǹfààní yẹn, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹni tó bá ń ki ìbọn láti ẹnu fẹ́ dúró tàbí kúnlẹ̀. Má kọ ọ́ pé wọ́n dùbúlẹ̀ wọ́n ń yìn ín pàrà-pàrà.

Àjàní_Òǹkọ̀wé:
Há! Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ní orí kẹta. Ṣé kò sí ẹni tó lè dùbúlẹ̀ kì í rárá ni?

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì:
Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Oníráífù Baker ló lè ṣe é jù torí ìbọn rẹ̀ kúrú. Yóò yí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn dé ilẹ̀, yóò gbé ìdí ìbọn sí ẹsẹ̀, yóò da ẹ̀tù, yóò sì fi ọ̀pá ìkibọn tẹ ọta wọlé díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì fẹ́ yìn ín ní jíjìnnà, ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ki ẹsẹ̀ bọ okùn ìbọn kó lè dúró gbọnin. Thomas Plunket ti 95 ni wọ́n máa ń sọ pé ó yìn ín bẹ́ẹ̀ ní Cacabelos, 3 Oṣù Kìíní 1809, nígbà tó pa ọ̀gágun Colbert ti Faransé. Jẹ́ kí ọmọ darandaran yẹn ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìwé rẹ, lẹ́yìn ògiri òkúta, kó sì gbà á ní àkókò. Ẹni tó bá ní másíkẹ́ẹ̀tì gígùn, kó kúnlẹ̀.

Ọdẹ_Òkè_Ògùn:
Kó sì rántí yọ ọ̀pá ìkibọn kúrò lẹ́nu ìbọn kó tó yìn ín. Tí ara bá ń gbọ̀n, ìyẹn ni ọmọdé ọdẹ ń gbàgbé jù. Bó bá ti yìn ín dànù, ìbọn yẹn ti di igi lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi rí òmíràn.

Àjàní_Òǹkọ̀wé:
Bàbá, ẹ ti fún mi ní orí kẹrin. Ọmọ tó yin ọ̀pá rẹ̀ dànù lẹ́bàá Côa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa ki ìbọn fún un pẹ̀lú ọ̀pá tirẹ̀ títí dé afárá. Màá gbé e wá síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.